Àgbà Tí A Tì Mọ́lé Kò Lè Wà Lọ́jà



Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé kí á dáàbò bo àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, nítorí àrùn náà ń pa àgbàlagbà ju ọ̀dọ́ lọ. Àmọ́ sísá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá fún wọn, tí a sì ń pè é ní ààbò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, àgbàlagbà tó ń dá gbé lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ṣe àlàyé nígbà náà pé ara ni kí ó jìnnà síra, pé kí ìbáṣepọ̀ má jìnnà.

Àpò ìrẹsì dára, àmọ́ kò tó. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà nílò ẹni tí yóò bá a ra oògùn kí èyí tó wà nílé tó tán. Ẹni tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ máa ń wo ètè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀; ìbòmú sì ti bo ètè. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ìkéde fún un ní Yorùbá tó yé e. Tí àwa ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá kò bá ṣe èyí, ta ni kó ṣe é?

Ibi tí ó dùn mí jù ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ó dé ní oṣù kẹta ọdún 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí á ti forúkọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ láti bá bàbá onílé rẹ̀ ṣe é. Ní àkókò yẹn kan náà, ahesọ nípa abẹ́rẹ́ náà kún orí WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa mọ ilẹ̀gbóná. Ọdún 1970 ni àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1980, wọ́n kéde pé ó ti kúrò láyé pátápátá. Àpá bùpá ṣì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló yẹ kó jẹ́rìí fún ọ̀dọ́ tó ń ṣiyèméjì, àmọ́ a kò bi wọ́n léèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé ebi ń pa àwa náà, pé ìyanṣẹ́lódì ASUU ti dá wa jókòó sílé lọ́dún náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wí kò gba owó: ká dúró lẹ́nu ọ̀nà, ká kí wọn, ká bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́, ká sì gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀.

Kọ́lẹ́rà jà ní Èkó ní ọdún 2024. Òmíràn lè dé lọ́la. Ẹ jẹ́ kí á tètè bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìta ọgbà mọ àgbà tó wà nílé tó yí i ká, oògùn tí wọ́n ń lò, àti ọmọ wọn tí a lè pè. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì pe àwọn àgbà náà sí ìpàdé ọ̀hún.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣílẹ̀kùn ọjà fún wọn ná.