Ilẹ̀ Tó Tó fún Kòkó, Tí Kò Tó fún Kókò

Bí ẹnu bá ti kan São Tomé, erékùṣù tó wà lójú òkun níwájú Gàbọ́n, ohun tí àwọn amòye máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè bọ́ ara wọn. Lóòótọ́, erékùṣù náà kò tó 900 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó tóbi tó fún ìrèké ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn Pọtogí ń kó ẹrú wá síbẹ̀, tí ṣúgà ń tibẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Nígbà tí ẹrú kan tó ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹrú yòókù jọ ní 1595, tí wọ́n dáná sun àwọn ilé ìfúnrèké, ẹnikẹ́ni kò sọ pé ilẹ̀ ló kéré. Ó tún tóbi tó fún kòkó tí wọ́n gbé wá láti Bràsíìlì. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti wà lára àwọn tó ń kó kòkó jáde jù lọ láyé. Ilẹ̀ tó tó fún kòkó, òun ni kò tó fún kókò?

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ibẹ̀, wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́ oko. Oko ta ni? Òfin ti fòpin sí oko ẹrú ní 1875, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n fi “àdéhùn” kó wá láti Àǹgólà, agbára káká ni wọ́n fi ń rí ọ̀nà ilé. Ìwé tí akọ̀ròyìn Nevinson fi tú àṣírí náà jáde ní 1906; ó di 1909 kí Cadbury, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì, tó ṣíwọ́ ríra kòkó ibẹ̀. Ẹ ò rí i bí àánú ṣe yára tó! Ní oṣù kejì 1953, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ̀ láti di alágbàṣe tipátipá lóko àwọn olówó, ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn ní Batepá. Ti pé wọ́n ti gba òmìnira láti 1975 kò yí ọ̀rọ̀ padà: ìjọba gba oko lọ́wọ́ Pọtogí, kòkó náà ló ń gbìn lọ, ọdún 1990 síwájú ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ fún àgbẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú àwa ọmọ Nàìjíríà? Fernando Po, erékùṣù ìtòsí, ni kòkó tiwa náà ti wọlé. Owó rẹ̀ ló kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn, tó parí ní 1965. Àgbẹ̀ Oǹdó tó kórè rẹ̀ ńkọ́? Títí di 1986, àjọ ìjọba ló máa ń bu iye tó wù ú fún un, àgbẹ̀ náà ló tún ń fowó ara rẹ̀ ra Bournvita fún ọmọ. Ilẹ̀ tiwa sì rèé, ta ló lè sọ pé ó kéré?

Kòkó ṣì wà lára àwọn olórí ohun ọ̀gbìn tí São Tomé ń tà sókè òkun lónìí. Ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń sọ̀.