Òfin Ni Odi Ìlú: Ẹni Tó Wó O Kò Lè Ní Òun Ń Ṣọ́ Ìlú

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, níbi àpérò Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní Àbújá, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó di ohun ìgbàgbé. Ó ní ààbò orílẹ̀-èdè ló gbọ́dọ̀ lékè, kí ìṣèjọba lábẹ́ òfin máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ burúkú náà kò bá a lọ sílé. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí àlééfà ló lè mú un lò.

Èso wo ni ẹ̀kọ́ náà so? Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò fún ìjọba tó ṣáájú, wà ní àtìmọ́lé láti ọdún 2015. Ilé ẹjọ́ kan kọ́, méjì kọ́, ló fún un ní béèlì. Ilé ẹjọ́ ECOWAS náà dá a láre ní ọdún 2016. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2019 ló tó rí ìta. Ní ọdún 2016 bákan náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá Ibrahim El-Zakzaky àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gba òmìnira. Ti Omoyele Sowore tún yàtọ̀: àjọ DSS tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2019; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún mú un ní ọgbà ilé ẹjọ́.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìjọba a máa tọ́ka sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lórí ẹjọ́ Asari Dokubo ní ọdún 2007, pé òmìnira ẹnì kan lè yẹ̀ fún ààbò gbogbo ìlú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ ló sọ ọ́, lẹ́yìn tó gbọ́ tẹnu apá méjèèjì. Adájọ́ tó wọn ọ̀rọ̀ wò, tó ní kí afurasí ṣì wà ní àhámọ́, òfin ló tẹ̀lé. Ọ̀gá agbófinró tó kọ etí ikún sí àṣẹ ilé ẹjọ́, ara rẹ̀ ló sọ di òfin.

Ìwé òfin ọdún 1999 kò kúkú gbàgbé ààbò. Abala 14 sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Abala 45 gbà kí òfin tó tọ́ dín àwọn ẹ̀tọ́ kan kù nítorí ààbò. Abala 287 sì pàṣẹ pé kí gbogbo aláṣẹ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ṣẹ. Àyè wà fún ààbò nínú òfin. Àìgbọràn ni kò sí àyè fún.

Ààbò wo gan-an sì ni àìgbọràn yìí mú wá? Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Dasuki wà ní àtìmọ́lé, El-Zakzaky wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn agbébọn Boko Haram ya wọ Dapchi ní ìpínlẹ̀ Yobe, wọ́n kó ọmọbìnrin 110 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ilẹ̀kùn tí ìjọba tì mọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ kò dínà mọ́ agbébọn.

Nàìjíríà ti tọ́ ọbẹ̀ yìí wò rí. Òfin ológun kejì ti ọdún 1984, lábẹ́ Buhari kan náà, fún ìjọba láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láìfi ẹ̀sùn kàn án, ní orúkọ ààbò. Àwọn ológun tó gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀ kò pa á tì. Gani Fawehinmi wà lára àwọn tí wọ́n fi í hàn léèmọ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòkùnkùn. Kí ilé ẹjọ́ fi ìyà jẹ ọ̀gá àjọ tó bá tẹ àṣẹ rẹ̀ lójú. Kí àwọn aṣòfin bi irú àjọ bẹ́ẹ̀ léèrè kí wọ́n tó buwọ́ lu owó ìṣúná rẹ̀. Kí ará ìlú sì yéé pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá jẹ́ ọ̀tá wọn ni ìjọba tì mọ́lé. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lónìí, kó gbójú sókè wo àjà.