Kì Í Ṣe Ọpọlọ Ló Lé Wọn Kúrò Nídìí Kọ̀ǹpútà

Olóòtú,

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìgàndò ló sọ létí mi pé àwọn obìnrin kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà nítorí pé ó le ju ọpọlọ wọn lọ. Irọ́ ńlá ni!

Ìyàwó ọmọ mi ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà ní iléeṣẹ́ kan ní Victoria Island. Òun ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń sáré pè bí ètò bá dàrú lóru. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde: láti Ìgàndò dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Cele, kó tó wá wọ ọkọ̀ CMS. Nígbà tó bímọ, ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún un. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n fún abiyamọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ wà ní Ìgàndò, ìyá wà ní Victoria Island, ìdajì wákàtí wo ló máa gbé e délé? Ìgbà tó padà síbi iṣẹ́, wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìpàdé sì di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún 2022, ó fi í sílẹ̀. Aṣọ ọmọdé ló ń tà lọ́jà Ìkòtún báyìí.

Bí mo bá ní àwọn ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi, mo purọ́. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ni mo ń pariwo pé ìyàwó ilé kì í wọlé lóru, ta ni yóò se ọbẹ̀ fún ọmọ mi? Ọmọ mi ọ̀hún kúkú lọ́wọ́ méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tirẹ̀ gbà kó máa ṣe é nílé lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọkọ rẹ̀ ra sólà nítorí iná tí kì í dúró, ìyá rẹ̀ sì ń bá a gbé ọmọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó wa ló sọ fún mi pé lọ́dún 1962, obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephanie Shirley, dá iléeṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ látilé. Nínú 300 òṣìṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, 297 jẹ́ obìnrin. Nígbà tí àwọn oníbàárà kò dá lẹ́tà rẹ̀ lóhùn, ó fi Steve, orúkọ ọkùnrin, buwọ́ lù ú, ni wọ́n bá dáhùn!

L'Ékòó wa níbí, Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Mákòkó níṣẹ́ yìí, CNN sì kà á mọ́ àwọn akọni mẹ́wàá lọ́dún 2018. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ yẹn bá lọ́kọ, tí wọ́n bímọ, ta ni yóò bá wọn gbé e?

Ní tèmi, mo ti ní kí ìyàwó wa máa gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ti tún ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ku agbanisíṣẹ́ tí yóò gbà kó má wọ ọkọ̀ Cele lójoojúmọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọkọ,
Ìgàndò, Èkó.