Ìyá Lánlátẹ̀, Ẹ Má Tíì Fowó Pákó Yẹn Ránṣẹ́

Nínú lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ti ìyá kan láti Lánlátẹ̀ kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, kó tó wá já mi láyà. Ọmọ ẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ l'Ékòó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gun ìgbì òkun ní Tarkwa Bay. Ó rí pákó kan tó fẹ́ rà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. Ẹni tó ń tà á ní irú ẹ̀ làwọn ọ̀gá ń lò. Owó láfún ni ọmọ ní kí ìyá fi ránṣẹ́. Ìyá wá ní: "Ṣé kí n fún un, àbí wèrè ti dé nìyẹn?"

Ìyá wa, kì í ṣe wèrè. Nínú ìwé tó jáde ní 1837, òyìnbó kan, James Alexander, ròyìn àwọn ọmọkùnrin Accra tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lórí pákó fẹ́ẹ́rẹ́, tí ìgbì ń gbé wọn bọ̀ létí òkun. Ní 2021, wọ́n gùn ún ní Òlíḿpíìkì Tokyo.

Pákó tó mú yẹn ni n ò fara mọ́. Ọkọ́ tí ẹ fi ń kọ ebè nílẹ̀ rírọ̀, ṣé òun náà lẹ máa gbé lọ sórí òkúta wẹ́wẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì. Ìgbì kékeré ò lágbára, kò lè ti pákó tín-ín-rín. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tó fẹ̀, tó sì nípọn, ló máa ń léfòó dáadáa. Ìgbì ò tíì ga tán tó ti gbé e, ẹni tó wà lórí ẹ̀ á sì ráyè dìde. Àmọ́ bí ìgbì bá dúró gànnàkù bí ògiri, tó ń yára wó, pákó gígùn á fẹnu sọ omi, á da olúwa ẹ̀ nù. Ibẹ̀ ni kúkurú ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti wúlò, torí ó tètè ń yí. Ọ̀gá ló ń gun ìyẹn o! Akọ́ṣẹ́ tó bá gbé e, inú omi ni yóò máa wà ṣáá.

Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn níhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń ti ìgbì ńlá wá sí Èkó. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kó kọ́ ọ, lórí pákó gígùn tí òkè ẹ̀ jẹ́ fóòmù rírọ̀, tí bó bá gbá a lórí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dá ọgbẹ́ sí i lára. Kó so okùn ẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Kó sì kọ́kọ́ yá ti ẹlòmíì lò ná.

Ohun tó já mi láyà nìyí: gbogbo ojú ìwé mẹ́ta tí ìyá kọ, kò sí ibi tó ti sọ pé ọmọ yìí mọ omi wẹ̀. Okùn ẹsẹ̀ lè já. Ìyá wa, ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó ka owó kankan. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, owó ẹni tó máa kọ́ ọ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Kí òun fúnra ẹ̀ sì kọ̀wé sí mi.