Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tí Ebi Ń Pa

Ní Sakété àti Pobè, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti di àpótí tí a ń kó ohun iyebíye sí: ohùn àwọn àgbà tí ń ki oríkì, àwòrán ìgbéyàwó, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nítorí ooru àti owó iná, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń dín fọ́ltéèjì ọpọlọ ẹ̀rọ náà kù, èyí tí Faransé ń pè ní processeur. Ọgbọ́n náà dára. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá wá ń kú lójijì lẹ́yìn rẹ̀, kí ni ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ ná. Iná SBEE tí ó ń wọ ilé wa jẹ́ fọ́ltì 220. Bí ó bá ń lọ sókè sódò, régulateur tàbí onduleur ni a fi ń gbèjà ẹ̀rọ. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀: inú kọ̀ǹpútà ni ó wà, ó fi díẹ̀ ju fọ́ltì 1 lọ, inú BIOS ni a sì ti sábà ń yí i padà. Régulateur kò lè wo àìsàn tirẹ̀.

Bí a bá mú un láti fọ́ltì 1,25 wá sí 1,15, tí ìyára kò sì yí padà, iná tí ọpọlọ náà fi ń ṣiṣẹ́ lè dín kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ooru á rọlẹ̀, fáànù á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá kéré jù, ebi á mú kí ó ṣìrò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Birmingham, Graz àti KU Leuven fi hàn pé bí fọ́ltéèjì àwọn ọpọlọ Intel kan bá lọ sílẹ̀ jù, ìsọdipúpọ̀ lásán lè jáde ní òdì. Nítorí náà, jíjóná kọ́ ni ká bẹ̀rù. Irọ́ ni ká bẹ̀rù: fáìlì tí ó bàjẹ́ láìsí ariwo, tí a kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí a fẹ́ gbọ́ ohùn baba àgbà.

Àkọ́kọ́, ẹ dá BIOS padà sí bí ó ṣe wà látilẹ̀wá. Bí ẹ̀rọ kò bá tàn rárá, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ sì yọ bátìrì kékeré CR2032 inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà tí ó bá dúró dáadáa tán ni kí ẹ tó da iṣẹ́ yín kọ sórí dísíìkì mìíràn, nítorí ẹ̀rọ tí ń ṣìrò lè ba ẹ̀dà náà jẹ́.

Ìkejì, ẹ wo Observateur d'événements nínú Windows, lábẹ́ Système. Bí ẹ bá rí WHEA-Logger níbẹ̀, ẹ̀rọ gan-an ni ó ń ráhùn; ẹ má tíì pa Windows rẹ́. Bí àìsàn bá sì ń bá a lọ lẹ́yìn ìdápadà, ẹ wá a síbòmíràn: ẹ fi MemTest86 yẹ RAM wò, ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò, ẹ yẹ alimentation wò.

Ìkẹta, bí ara ẹ̀rọ bá ti yá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ìdápadà BIOS lè ti pa àtúnṣe ìyára RAM náà rẹ́. Ẹ dá ìyẹn nìkan padà kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò, kí a má baà dá ọpọlọ lẹ́bi ọ̀ràn RAM. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín fọ́ltéèjì kù ní mílífọ́ltì 10 sí 20, kí ẹ sì fi OCCT tàbí Prime95 dán an wò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún jẹ́ kí ó sinmi, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń jàǹbá nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀: ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn cœur ọpọlọ lè máa sá eré tí ó le jù lọ nígbà náà.

Ìkẹrin, bí ẹ bá dé ibi tí ó ti ń wó, ẹ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì. Ọpọlọ ẹ̀rọ ń darúgbó, bí ó sì ti ń darúgbó ni oúnjẹ tí ó ń fẹ́ ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2024, Intel kéde pé fọ́ltéèjì tí ó ga jù ti ṣe irú èyí fún àwọn ọpọlọ kan ní ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀. Àtúnṣe BIOS wà fún un, ṣùgbọ́n kò lè wo èyí tí ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó tọ́ lọ́dún tó kọjá lè má tọ́ lónìí.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Owó iná díẹ̀ tí a fi pamọ́ kò tó ohùn kan tí ó sọnù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ da ohùn àwọn àgbà yín kọ síbi méjì.