Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Pápá Ìṣeré Wa?

Ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Barcelona lọ́dún 1992, ọkùnrin mẹ́rin gbé ọ̀pá eré ìje lé ara wọn lọ́wọ́ fún Nàìjíríà, wọ́n sáré náà tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 37.98, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọmọ Èkìtì, wà lára wọn. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ìjàǹbá mọ́tò fi pa á ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré Adó-Èkìtì. A ò rò pé nítorí ká lè máa pàgọ́ ìpolongo ìbò sórí koríko rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi orúkọ náà dá a lọ́lá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yá pápá fún ayẹyẹ tàbí ìpàdé ìta gbangba. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó gbohùngbohùn wọlé á tẹ ilẹ̀ títí yóò fi le gbagidi. Bí òjò bá rọ̀, omi ò ní ríbi wọlẹ̀, yóò dúró sójú kan, koríko á sì rà. Ihò tí wọ́n fi ri òpó kánópì mọ́lẹ̀, wọn kì í dí i. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọbìnrin Ekiti Queens bá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn lè rì sínú ihò yẹn, kí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kí bọ́ọ̀lù gbígbá sì tán fún un nìyẹn. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn aláyẹyẹ lè má tó tọ́jú orúnkún kan.

A mọ̀ pé ìjọba nílò owó, a ò sì ní kí wọ́n má yá pápá rárá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yá a kọ́kọ́ fi owó ìdógò sílẹ̀, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò níṣojú rẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ, kí wọ́n tó dá owó padà fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé mọ́tò gun orí koríko, ì báà jẹ́ mọ́tò gómìnà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè já sí, kó lọ wo pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní January 1973. Ibẹ̀ náà ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé Algeria ní 1980, tí Mùdá Lawal fi ìkẹta kún un, tí Nàìjíríà sì kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Lẹ́yìn ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2000, wọ́n pa ibẹ̀ tì, koríko gba àyè eléré, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì di àpatì. Látinú àìsí ìtọ́jú ojoojúmọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe mọ iṣẹ́ ọba sí nìyí: owó géètì á lọ sápò ìjọba. Bí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá bẹ́, máníjà á kọ̀wé. Ìwé á máa rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Kí owó tó jáde, ògiri ti wó. Ìdí rèé tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí pápá ìṣeré kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ìdá kan pàtó nínú owó tó ń wọlé wà níbẹ̀ fún àtúnṣe, kí ìṣirò rẹ̀ sì wà lára pátákó lẹ́nu ọ̀nà lóṣooṣù fún gbogbo ojú. Kí wọ́n ṣí géètì ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ fún aráàlú tó fẹ́ sáré. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà ní kó máa rìn, kò yẹ kó máa bá ọ̀kadà du ọ̀nà ní Ajílòsùn.

Ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ló wá dùn wá jù. Èkìtì yìí kan náà ló ni Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, táwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Síbẹ̀, mélòó nínú ọmọ iléèwé ìjọba láti Arámọ̀kọ dé Adó ló mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́? Inú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa wà, owó sì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ lágbàáyé ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìjọba ti gbé Ìkògòsì lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Kí wọ́n bá wọn ṣàdéhùn pé kí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ibẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ iléèwé, pẹ̀lú olùkọ́ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ènìyàn nínú omi. Ẹ̀yin òbí náà, bí ẹ bá dúró létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín bọ́ sínú rẹ̀, iye yòówù tí ẹ ti san.

Ní ti pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde orúkọ ẹni kan ṣoṣo tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà sára géètì, kí aráàlú lè pè é.