Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Ọmọ Dúró Lọ́dọ̀ Dókítà

Gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kàdúná,

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tí oorun ti dá lójú wọn, tí ọkàn wọn ò balẹ̀, ló ń bẹ̀rù àtilọ sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Barnawa. Lójú tiwọn, abẹ́rẹ́ ni, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Àwọn míì rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ á tán. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ìbéèrè ló sábà máa ń pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ṣé ò ń sùn? Ṣé ò ń jẹun? Kí ló ń dà ẹ́ lọ́kàn rú? Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà sílé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á sì tún lọ nígbà míì.

Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n ń fẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ dókítà nìkan: kí àṣírí wọn má tú. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò ti 1958, fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá wa mú òfin yẹn dé ibi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, níbi tá a ti ń sọ pé “ọmọ lágbájá ti ń lọ sí Barnawa”? Nídàálẹ̀ tá a ti mọra wa, gbólóhùn kan yìí tó láti dẹ́rù ba ọmọ mìíràn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ sin ọmọ yín lọ, ẹ jókòó dè é, kẹ́ ẹ sì panu mọ́.